Jọ́ìstíìkì Olówó Ńlá, Ọwọ́ Tí Kò Gbọ́ Nǹkan Kan

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó fi Àbújá ṣe ilé, láti Kúbwà dé Lugbe, láti Nyanya dé Gwarinpa, ọ̀rọ̀ yìí lè dun àwọn kan, àmọ́ a máa sọ ọ́. Àwa tí a ń wa bàálù nínú símúlétọ̀ lórí kọ̀ǹpútà ti rí i títí ó ti sú wa. Ẹ̀gbọ́n kan á ní kí wọ́n bá òun fi jọ́ìstíìkì force feedback ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Á so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, á gbé fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp, ó parí. Kò ṣètò ohunkóhun. Ọmọ ilé tó ń sọ pé òun máa di páílọ́ọ̀tì ló wá ń fi nǹkan tí wọn ò ṣètò kọ́ iṣẹ́. Àwa ò fara mọ́ ọn rárá.

Ẹ jẹ́ ká là á yé ara wa. Jọ́ìstíìkì tó wọ́pọ̀, sípíríǹgì ló wà nínú ẹ̀. Bàálù dúró sórí ilẹ̀ o, bàálù ń sáré lókè o, bákan náà ló ń le lọ́wọ́. Irọ́ ni! Nínú bàálù kékeré bíi Cessna 172, wáyà ló so ọwọ́ páílọ́ọ̀tì mọ́ ìrù bàálù, atẹ́gùn tó ń lu ìrù yẹn lọwọ́ ń gbọ́. Bí eré bàálù bá di ìlọ́po méjì, agbára atẹ́gùn náà á di ìlọ́po mẹ́rin. Jọ́ìstíìkì force feedback ní ẹ̀rọ nínú tó lè ti ọwọ́ padà, tó sì lè gbọ̀n. Àmọ́ ẹ̀rọ yẹn ò mọ nǹkan kan àfi ohun tí ẹ bá sọ fún un.

Àwọn kan á ní, "Ẹ ṣáà so ó mọ́ ọn, á ṣiṣẹ́." Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? X-Plane 11 àti Microsoft Flight Simulator 2020 kì í fi agbára ránṣẹ́ sí jọ́ìstíìkì fúnra wọn, ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ́fítíwìà mìíràn sáàárín wọn. DCS World ló ń fi ránṣẹ́, òun náà sì ń fẹ́ kí ẹ tan force feedback níbi ìṣètò rẹ̀. Ẹni tí kò ṣe èyí, sípíríǹgì olówó ńlá ló rà.

Iṣẹ́ rẹ̀ ò sì le. Ẹ dè é mọ́ tábìlì gírígírí, torí ohun tó ń ti ọwọ́ lè bi ara ẹ̀ ṣubú. Ẹ pa sípíríǹgì tí sọ́fítíwìà jọ́ìstíìkì fúnra ẹ̀ ń ṣe, kó má baà máa bá ti símúlétọ̀ jà. Ẹ dá deadzone padà sí òdo. Ẹ bẹ̀rẹ̀ agbára láti kékeré, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là á pa àmúkùrù ẹsẹ̀. Ẹni tó bá gbé e dé òpin lọ́jọ́ kìíní, ẹ̀rọ ò ní ní agbára tó kù láti fi sọ ohun kékeré fún un mọ́.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ trim. Nínú bàálù gidi, ẹ ó fi ọwọ́ di ọ̀pá mú síbi tó yẹ, ẹ ó wá máa yí trim títí ìwúwo á fi kúrò lọ́wọ́ yín. Sípíríǹgì ò lè ṣe ìyẹn, àárín ló máa ń fà yín padà sí. Ọmọ tó bá fi ọdún méjì kọ́ èyí, tó wá dé ilé ẹ̀kọ́ páílọ́ọ̀tì ní Zaria, èyí tó ti wà láti 1964, owó òbí rẹ̀ ni wọ́n máa fi tún ọwọ́ rẹ̀ kọ́.

Ẹ má sì sọ fún wa pé eré ọmọdé ni. Ará Àbújá wo ló gbàgbé ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2006? Bàálù ADC tó ń lọ sí Sókótó gbéra níbí, kò sì pẹ́ tó fi já. Èèyàn tó lé ní 90 ló bá a lọ, Sultan Muhammadu Maccido wà lára wọn. Ìwádìí ìjọba sọ pé wọ́n gbéra nínú ojú ọjọ́ tí kò dáa, àti pé wọn ò ṣe ohun tó yẹ nígbà tí atẹ́gùn yí padà lójijì, ni bàálù bá stall: apá rẹ̀ ò lè gbé e mọ́.

A ò sọ pé jọ́ìstíìkì inú pálọ̀ ló ń gba ẹ̀mí là. Wákàtí tí ẹ bá lò nídìí rẹ̀ ò wọ ìwé àṣẹ kankan. Ohun tí à ń sọ ni pé kí bàálù tó stall, ó máa ń gbọ̀n, Boeing 737 tiẹ̀ ní ẹ̀rọ tó ń gbọn ọ̀pá mọ́ páílọ́ọ̀tì lọ́wọ́. Bí ẹ bá wá ṣètò jọ́ìstíìkì tí ẹ́ńjìnnì, ojú ọ̀nà àti stall ń gbọ̀n bákan náà, ẹ ti kọ́ ọmọ yẹn pé kó máa fojú di ìkìlọ̀. Ẹ dín ti ẹ́ńjìnnì àti ti ojú ọ̀nà kù, kí ti stall dá yàtọ̀ gedegbe.

"Airbus ńkọ́?" Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá A320, sípíríǹgì ló wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, kì í sọ fún ọwọ́ bí atẹ́gùn ṣe ń lu bàálù. Ìdí nìyẹn tí bàálù kọ̀ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ ní ìṣètò tirẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan fún gbogbo wọn.

Kò sì dìgbà tí ẹ bá ra tuntun. SideWinder Force Feedback 2 ti Microsoft, tó ti pẹ́ tí wọn ò ṣe é mọ́, ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ojú kan wà lára ọwọ́ ẹ̀ tó ń mọ̀ bóyá ẹ dì í mú, tí ẹ ò bá bò ó, kò ní ti ọwọ́. Ẹ nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú yẹn kí ẹ tó sọ pé ó ti bàjẹ́.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní in, ẹ ṣètò ẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ aládùúgbò fọwọ́ kàn án ní Sátidé. Ẹni tí kò bá ráàyè ṣètò ẹ̀, kó tà á fún ẹni tó ráàyè. Ẹni tó bá ní àtakò, kó sọ ọ́, a ti ṣe tán láti gbọ́.