Ẹ Bá Mi Wo Ẹrù Mi

Ọmọ mi obìnrin ló fi fíìmù náà hàn mí lórí fóònù rẹ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan tí èrò ò pọ̀ ní jẹ́tì Ìpakodò, níbi tí mo ti ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Frontières lorúkọ rẹ̀, ìyẹn ẹnubodè. Apolline Traoré, ọmọ Burkina Faso, ló darí rẹ̀ lọ́dún 2017. Faransé ló pọ̀ jù níbẹ̀, ọmọ mi sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Nígbà tó yá, mo ní kó dákẹ́. Mo mọ ìtàn náà.

Obìnrin mẹ́rin ni: Adjara ará Sẹ̀nẹ̀gàl, Emma ará Côte d'Ivoire, Sali ará Burkina Faso, àti Vishaa, ọmọ Nàìjíríà tiwa. Ọkọ̀ èrò ló pa wọ́n pọ̀ lójú ọ̀nà Dakar sí Èkó, ìrìn tó ju 3,000 kìlómítà lọ. Kí wọ́n tó débi tí wọ́n ń lọ, wọ́n ti di ọmọ ìyá.

Àwọn kan ní irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì gbé ẹrù gba ẹnubodè Sèmè kọjá rí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ra ankara ní Lómè, kí Nàìjíríà tó ti ẹnubodè ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, tí mo fi jókòó sílé. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́ lójú ọ̀nà, ta ni yóò bá ọ wo àpò owó? Ẹni tó jókòó tì ọ́ ni, bí ojú rẹ̀ wù ọ́, bí kò wù ọ́.

Nígbà kan, ọ̀gbẹ́ni kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù ní kí ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá ju méjì lọ san owó kan tí kò ní rìsíìtì. Mẹ́ta ni tèmi. Ìyá Gáná kan tí mi ò gbọ́ èdè rẹ̀, tí a ti jọ jà nítorí fèrèsé láàárọ̀, kàn lọ jókòó gbọingbọin lórí ìkẹta, ó ní tòun ni. Nígbà tí a kọjá tán, ó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀, ó na ọwọ́ sí búrẹ́dì mi. Mo bù ú sí méjì.

Ohun tó ṣàjèjì lójú tèmi ni ká kọjá láìfún ẹnikẹ́ni lówó. Èkó ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lọ́dún 1975. Dakar ni wọ́n ti fọwọ́ sí èyí tó ní ká máa wọ ìlú ara wa fún 90 ọjọ́ láìgba físà, ní 1979. Àárín ìlú méjèèjì yìí gan-an ni ọkọ̀ àwọn Adjara ń tọ̀, síbẹ̀, ní ẹnubodè kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ń nà sí wọn. Láti oṣù Kìíní ọdún 2025, Màlì àti Burkina Faso, tí ọkọ̀ náà gbà kọjá, ti fi ECOWAS sílẹ̀ pẹ̀lú Niger.

Ẹ̀sùn kan ni mo ní: ìyà inú fíìmù náà pọ̀ ju ẹ̀rín lọ. Ọkọ̀ òru tí obìnrin oníṣòwò kún inú rẹ̀ kì í dákẹ́ bẹ́ẹ̀! Síbẹ̀, mo fẹ́ kí ẹnìkan fi Yorùbá sọ ọ́, kí àwọn ìyá ọjà Ìkòròdú tí kò gbọ́ Faransé lè wò ó, kí wọ́n sì bá Emma bú àwọn ọlọ́wọ́ nínà yẹn.