Ibi Ọmọ àti Àtọ̀gbẹ Inú Oyún

Gbogbo ìyá àgbà ló mọ ibi ọmọ, èyí tí à ń rì mọ́lẹ̀ bí aboyún bá ti bímọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe kó tó jáde kò yé ọ̀pọ̀ wa.

Ibi ló ń gba oúnjẹ lára ìyá fún ọmọ. Ó tún ń tú àwọn èròjà kan tí wọ́n ń pè ní họ́mọ́ònù sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá. Àwọn wọ̀nyí kì í jẹ́ kí ínsúlínì, tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ríṣẹ́ ṣe dáadáa, kí ṣúgà lè kù fún ọmọ. Bí ibi ṣe ń dàgbà ni agbára wọn ń pọ̀ sí i. Ara ọ̀pọ̀ aboyún máa ń pèsè ínsúlínì kún ti tẹ́lẹ̀. Èyí tí kò bá lè pèsè tó, ṣúgà rẹ̀ yóò pọ̀ jù. Àtọ̀gbẹ inú oyún nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ má sọ pé wọ̀bìà ló fà á. Ewu rẹ̀ pọ̀ fún ẹni tó sanra jù tàbí tí àtọ̀gbẹ wà nínú ìdílé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣe ẹlòmíràn pẹ̀lú.

Kì í sábà ní àmì. Àyẹ̀wò láàrin ọ̀sẹ̀ 24 sí 28 ló ń fi í hàn: aboyún yóò mu omi ṣúgà, wọn yóò sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ọmọ lè tóbi jù, kí ìbí rẹ̀ sì nira. Oúnjẹ tó níwọ̀n àti ìrìn ẹsẹ̀ ni ìtọ́jú àkọ́kọ́. Dókítà lè fi ínsúlínì kún un. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò kẹ́ ẹ, ẹ má sì sọ pé kó jẹun ẹni méjì.

Bí ibi bá ti jáde, ṣúgà sábà máa ń wálẹ̀ kíákíá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ti tán. Kò tán o! Irú ìyá bẹ́ẹ̀ lè ní àtọ̀gbẹ gidi lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ẹ rí i pé ó padà lọ ṣàyẹ̀wò láàrin ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 lẹ́yìn ìbímọ, kó sì máa ṣe é, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.