Asye, pílánẹ́ẹ̀tì tí Côte d'Ivoire sọ lórúkọ: kí ló mú un wú tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ pe "Asye" ní ìkóríta Siporex, ní Yopougon l'Abidjan, àwọn tó gbọ́ èdè Baoulé yóò rò pé ilẹ̀ lẹ ń sọ, tàbí òrìṣà ilẹ̀. Ṣùgbọ́n láti 2019 ló ti di orúkọ pílánẹ́ẹ̀tì kan tó jìnnà réré sí wa.

Lọ́dún náà, IAU, àjọ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé, pé 100 ọdún, ó sì ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sọ ìràwọ̀ kan àti pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórúkọ. Côte d'Ivoire pe ìràwọ̀ WASP-15 ní Nyamien, ó pe pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní Asye. Nàìjíríà mú Amadioha àti Equiano. (Kò kan Yorùbá lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká fi ìjà ìyẹn sílẹ̀.)

Ohun tó dùn mọ́ mi ju orúkọ lọ ni títóbi Asye. Ìwúwo rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní ìdajì ti Jupiter, síbẹ̀ ó fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 1.4 rẹ̀. Kò tó ọjọ́ mẹ́rin tó fi ń yí Nyamien po.

Ìdáhùn kan wà tí ọ̀pọ̀ ń yára mú. Bí òṣùpá ṣe ń fa òkun wa tó fi ń kún tó sì ń fà, bẹ́ẹ̀ ni ìràwọ̀ ń fa pílánẹ́ẹ̀tì tó sún mọ́ ọn. Bí ọ̀nà pílánẹ́ẹ̀tì náà kò bá rí róbótó, á sún mọ́ ìràwọ̀, á tún jìnnà. Ara rẹ̀ á máa fún, á máa tú. Ẹ tẹ wáyà síwá sẹ́yìn léraléra, ẹ fọwọ́ kan ojú ibi tẹ́ ẹ ti tẹ̀ ẹ́: ó ti gbóná. Irú ooru yìí nínú pílánẹ́ẹ̀tì kì í jẹ́ kí gáàsì rẹ̀ sún kì.

Òótọ́ ni. Òun ló ń mú kí àwọn òkè máa tu iná lórí Io, òṣùpá Jupiter. Àwọn onímọ̀ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ní 1979, kété kí Voyager 1 tó ya àwòrán rẹ̀. Ní 2024, awò James Webb rí àmì ooru inú lára WASP-107b, ọ̀nà tirẹ̀ kò sì rí róbótó.

Àmọ́ ti Asye kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìwọ̀n tí wọ́n wọ̀n fi hàn pé ọ̀nà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ rí róbótó. Fífà ìràwọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ̀nà di róbótó bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ooru náà a sì kú. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pé kí wọ́n máa fi ìdáhùn kan ṣoṣo bo gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì tó wú. Ooru tí Nyamien ń dà lé Asye lórí ju 1,000°C lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ọ̀nà tí ìyẹn ń gbà wọ inú rẹ̀.

Tíṣà tó bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ Asye fáwọn ọmọ Yopougon, kó gbé ìbéèrè yìí síwájú wọn pẹ̀lú orúkọ. Kó má sì gbàgbé láti sọ fún wọn pé awò tó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀, Sutherland ní South Africa ló wà.