Ẹ̀yin ọ̀gá iṣẹ́ ní Moniya, ẹ má fi òfin tuntun mú ọmọ tó ti tọwọ́ bọ̀wé

Bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ okòwò ni mo ń bọ̀ wá sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, tẹ́ ẹ sì ní ọmọ iṣẹ́ lábẹ́ yín, ọ̀rọ̀ náà kàn yín gan-an, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Níbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù n'Ìbàdàn, láti Agbowó títí dé Moniya, ẹ ò ní í pẹ́ rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe fántásì lórí fóònù. Wọ́n á fún yín ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù pọ́n-ùn tí kì í ṣe owó gidi, ẹ ó fi ra agbábọ́ọ̀lù 15 nínú Premier League ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ò sì gbọdọ̀ mú ju mẹ́ta lọ nínú kíláàbù kan. Bí wọ́n bá ṣe dáadáa lórí pápá, ẹ̀yin náà á gba máàkì. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá ló ń ṣe é káàkiri ayé, kálukú ló sì ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá kíláàbù.

Èyí tí àwọn tiwa ń ṣe, ilé-iṣẹ́ ló ń ṣòfin rẹ̀. Ṣùgbọ́n l'Amẹ́ríkà, níbi tí Bill Winkenbach, ọ̀kan lára àwọn tó nípìn-ín nínú ẹgbẹ́ Oakland Raiders, ti dá irú eré yìí sílẹ̀ lórí bọ́ọ̀lù tiwọn lọ́dún 1962, oríṣi kan wà tí àwọn ọ̀rẹ́ máa ń kóra jọ ṣe, tí wọ́n á fi agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan sí àdéhùn ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Tí wọ́n bá fẹ́ yí òfin àdéhùn padà, ìbò ni wọ́n ń dì. Ibẹ̀ nìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti ṣe àdéhùn ọdún mẹ́ta lábẹ́ òfin àtijọ́, ṣé òfin tuntun máa mú òun náà?

Àwọn tó ni kíláàbù gidi náà ti bá ìbéèrè yìí pàdé. Lọ́dún 2022 ni Todd Boehly àtàwọn olówó tó bá a dòwò pọ̀ ra Chelsea. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, wọ́n ra Enzo Fernández lọ́wọ́ Benfica ní mílíọ̀nù pọ́n-ùn 106.8, àdéhùn ọdún mẹ́jọ ààbọ̀ ni wọ́n sì bá a ṣe. Kí ló dé tí ọdún fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ìṣirò ni. Nínú ìwé owó kíláàbù, iye tí wọ́n fi ra agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pín sí iye ọdún àdéhùn rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá pín owó yẹn sí ọdún mẹ́jọ ààbọ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù 12.6 ló máa jẹ́ lọ́dún kan. Tẹ́ ẹ bá pín in sí ọdún márùn-ún, ó ti lé ní mílíọ̀nù 21 nìyẹn. Owó kan náà ni o, ó kàn kéré lójú ìwé ni, ìyẹn sì ń jẹ́ kí wọ́n ráyè ra àwọn mí-ìn láì tàpá sí òfin tó ní kíláàbù ò gbọdọ̀ pàdánù ju iye kan lọ.

Ó yẹ kí èyí yé àwa oníṣòwò kékeré. Télọ̀ tó ra ẹ̀rọ ìránṣọ ní N600,000, tó ní ọdún márùn-ún lòun máa fi lò ó, N120,000 ló yẹ kó máa yọ nínú èrè rẹ̀ lọ́dọọdún. Tó bá ní ọdún mẹ́jọ ni, ó di N75,000, èrè á sì dà bíi pé ó pọ̀. Àmọ́ ẹ̀rọ ò mọ̀ pé mẹ́jọ lẹ kọ sínú ìwé. Tó bá dẹnu kọlẹ̀ lọ́dún karùn-ún, ó ti dẹnu kọlẹ̀ nìyẹn.

UEFA ló kọ́kọ́ ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Láti oṣù Keje ọdún 2023, wọn ò gbà kẹ́nikẹ́ni pín owó náà kọjá ọdún márùn-ún. Nínú oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, àwọn kíláàbù Premier League dìbò, wọ́n sì gba òfin yẹn wọlé. Nínú kíláàbù 20, mẹ́rìnlá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí òfin wọn tó lè yí padà. Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí nìyí: àdéhùn tuntun àti èyí tí wọ́n bá fi ọdún kún nìkan ni òfin náà mú. Èyí tí Chelsea ti tọwọ́ bọ̀ tẹ́lẹ̀, wọn ò fọwọ́ kàn án.

Àwọn kan á ní ìyẹn ò dáa, pé ẹni tó gbọ́n àgbọ́njù ló jèrè. Lóòótọ́, Chelsea jèrè. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe. Lọ́jọ́ tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé, kò sófin Premier League tó ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìbò òní bá lè ba àdéhùn àná jẹ́, ta ló tún máa fowó ara rẹ̀ lé àdéhùn ọ̀la?

Ìbò mí-ìn tún wáyé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025. Kíláàbù 14 fọwọ́ sí i pé láti sáà 2026/27, owó tí kíláàbù ń ná sórí àwọn agbábọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ ju ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un lọ. Àmọ́ méjìlá kọ àbá kejì, èyí tó fẹ́ fi òdiwọ̀n owó kan náà de gbogbo wọn. Kó tó dọjọ́ ìbò, PFA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù, ti ń sọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ lórí àbá yìí. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ò níbò, ṣùgbọ́n wọ́n lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sílé. Moniya tó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Akinyele, tí ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí lọ́dún 2021 ń dúró sí, kún fún télọ̀, aṣerunlóge, wẹ́dà, mẹkáníìkì àti kápẹ́ńtà. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá ló máa ń pinnu iye ọdún tí ọmọ iṣẹ́ máa lò àti iye tó máa san tó bá fẹ́ ṣe fíríídọ̀ọ̀mù. Ẹ̀yin lẹ ni kíláàbù, ọmọ iṣẹ́ ni agbábọ́ọ̀lù yín. Bí ẹgbẹ́ bá jókòó, tó ní ọdún mẹ́ta ti di mẹ́rin, àbí owó fíríídọ̀ọ̀mù ti lé sí i, ta ló dìbò? Ọ̀gá nìkan ni. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni kí wọ́n tún ní ọmọ tó ti lo ọdún méjì ààbọ̀ nínú mẹ́ta náà wà nínú ẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ̀yin ọ̀gá máa sọ. Owó iná ti lé, owó ṣọ́ọ̀bù ti lé, epo jẹnẹrétọ̀ ò ṣeé rà. Ọmọ tẹ́ ẹ sì kọ́ níṣẹ́ lè lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ síwájú yín, kó kó oníbàárà yín lọ. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjà tó wọ́n lónìí kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ tó wọlé lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ ti ń ka oṣù, ó ti ń dájọ fún ẹ̀rọ tí ọmọ máa fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún kan tẹ́ ẹ fi kún un, ọdún kan tí kò ní í rówó mú wálé ni. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè má bá yín jà, ó kàn lè sá lọ gun ọ̀kadà ni. Iṣẹ́ ò parí lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀yin náà sì pàdánù ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́. Ìyá rẹ̀ á tún sọ fáwọn ìyá yòókù lọ́jà pé kí wọ́n má fọmọ síbẹ̀ mọ́. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Nǹkan mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ sínú ìwé òfin rẹ̀. Àkọ́kọ́, ọmọ tó bá wọlé lẹ́yìn ọjọ́ tí òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ nìkan ni kó mú. Kí èyí tó lè ṣeé ṣe, ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ níwèé àdéhùn méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀gá, ọ̀kan lọ́wọ́ òbí, kí ọdún àti owó sì wà nínú rẹ̀ kedere. Èkejì, ẹ kọ iye ìbò tó lè yí òfin padà sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó délẹ̀. Ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dáa, kó má di pé àwọn márùn-ún tó tètè dé ìpàdé ló ń pinnu fún ọgọ́ta èèyàn. Ẹ̀kẹta, kẹ́ ẹ tó dìbò, ẹ pe àwọn ọmọ iṣẹ́ díẹ̀ àtàwọn òbí wọn, kẹ́ ẹ gbọ́ tẹnu wọn. Wọ́n lè má níbò, àmọ́ ẹ lè tipa bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀.

Nínú fántásì, bí ìbò bá ba nǹkan jẹ́, sáà tuntun ń bọ̀ lóṣù Kẹjọ, kálukú á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ọmọ iṣẹ́ ò ní sáà mí-ìn tó máa fi rọ́pò ọdún tẹ́ ẹ bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀.