Ṣé Ẹ̀ṣẹ̀ Ni Láti Ya Fídíò Ọlọ́pàá Lójú Pópó?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí kan gbogbo ẹni tó ń wọ mọ́tò, tó ń gun ọ̀kadà, tàbí tó ní ọmọ tó ń jáde nílé láàárọ̀. Bí ọlọ́pàá bá dá èèyàn dúró lójú pópó, tí ọ̀rọ̀ sì fẹ́ dìjà, ǹjẹ́ ẹni náà tàbí ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́tọ̀ọ́ láti fi fóònù ká ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sílẹ̀?

Àwọn ọlọ́pàá kan á ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Wọ́n á já fóònù gbà, wọ́n á pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, wọ́n á tún máa halẹ̀ àtìmọ́lé. Ṣùgbọ́n kí ni òfin sọ? Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 36, ẹsẹ 12, sọ pé a kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tí kò sí nínú òfin tí a kọ sílẹ̀ pẹ̀lú ìjìyà rẹ̀. Kò sì sí òfin kankan ní Nàìjíríà tó sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn ya fídíò ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní gbangba. Abala 39 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìròyìn àti láti fi ṣọwọ́ sí ẹlòmíràn. Àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá fúnra wọn ti kìlọ̀ léraléra fún àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn pé kí wọ́n yé yẹ inú fóònù èèyàn wò lójú pópó.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2005, ọlọ́pàá pa ọ̀dọ́ mẹ́fà ní Apo, l'Ábújá, wọ́n ní adigunjalè ni wọ́n. Irọ́ ni. Kò sí fídíò kankan. Ọdún 2017 ni ilé ẹjọ́ tó dájọ́ ikú fún ọlọ́pàá méjì lórí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, fídíò kan láti Ughelli tàn kálẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì tú síta. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá fi kéde pé òun ti tú SARS ká. Òótọ́ ni pé ìwà burúkú kò bá a lọ, àmọ́ ẹ̀rí ti dé ọwọ́ aráàlú.

Fún àwa tí a kì í ṣe onílẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí wọ́n bá mú ọmọ wa, àṣà wa ni pé kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ dáwó, kí wọ́n lọ bẹ̀bẹ̀ ní àgọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀fẹ́ ni béèlì. Tó bá wá di ọ̀rọ̀ ẹnu, ta ni wọ́n á gba tirẹ̀ gbọ́? Ṣé ọmọ àlejò tí kò gbọ́ èdè ibẹ̀ yanjú ni? Fídíò á ràn án lọ́wọ́. Ọlọ́pàá tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ náà á jàǹfààní, nítorí ó lè fi gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀sùn èké.

Àmọ́ o, ẹ jẹ́ ká fi ọgbọ́n ṣe é. Ẹ dúró lókèèrè, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ni láti dí ọlọ́pàá lọ́wọ́ iṣẹ́. Àgọ́ àti bárékè yàtọ̀ sí títì. Òfin àṣírí ìjọba ti 1962 lè mú ẹni tó bá ya àwòrán ibi tí ìjọba ń dáàbò bò. Ẹ má kọ irọ́ sábẹ́ fídíò, òfin íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà. Bí ọlọ́pàá bá na ìbọn, ẹ̀mí ṣe pàtàkì ju fóònù lọ. Ẹ fi sórí pé kí ẹ rántí orúkọ tó wà láyà rẹ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀ wọn. Ẹ fi fídíò náà ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ fọkàn tán kíákíá, kí ẹgbẹ́ sì gbé e lọ sí ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn nípa ọlọ́pàá tàbí àjọ Police Service Commission.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ẹ jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ wa kọ́ àwọn ọmọ wa ní ohun tí òfin sọ kí ọjọ́ wàhálà tó dé.