Fọ́tò àtijọ́ ń ti orí fóònù dé orí fóònù, àwọn tó mọ ìtàn rẹ̀ ń dín kù

Láyé ìsinsìnyí, ó ṣòro kí ènìyàn ṣí fóònù rẹ̀ kó má bá fọ́tò àtijọ́ kan pàdé níbẹ̀: mọ́tò Ìjàpá tí wọ́n gbé síwájú ilé alájà, bọ̀lẹ̀kájà tí èrò kún fọ́fọ́, àwọn obìnrin tó gbé igbá rù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Peugeot 404, ọkùnrin tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lójú títì tí kò sí súnkẹẹrẹ-fàkẹrẹ. Àwọn àgbà á rí i, wọ́n á mirí, wọ́n á ní ayé ọjọ́un dára. Àwọn ọ̀dọ́ á fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò náà á máa lọ, láìsí ẹni tó béèrè ibi tí wọ́n ti yà á, ọdún tí wọ́n yà á, àti àwọn tó wà nínú rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Fọ́tò tí kò lórúkọ, tí kò lọ́jọ́, dà bí ọmọ tó sọnù sọ́jà: gbogbo ènìyàn ló ń rí i, kò sẹ́ni tó mọ ilé bàbá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ló sì lè fún un lórúkọ tó wù ú. Ẹnìkan lè kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Èkó ni lọ́dún òmìnira, nígbà tó jẹ́ pé Ìbàdàn ni, ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà. Bí àṣìsọ bẹ́ẹ̀ bá ti dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ̀rún ènìyàn, ó ti di òtítọ́ lójú àwọn tí wọn kò tíì bí nígbà náà.

Ẹ̀rí tó wà lójú títì

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, nítorí fọ́tò ojú títì máa ń gbé ẹ̀rí dání. Ẹ̀rí àkọ́kọ́ ni ọwọ́ tí mọ́tò ń gbà. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà ní Nàìjíríà tẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣàkóso ilẹ̀ náà. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon yí i sí ọwọ́ ọ̀tún. Fọ́tò tí gbogbo mọ́tò inú rẹ̀ bá ń gba ọwọ́ òsì ti wà ṣáájú ọjọ́ yẹn. Àmọ́ kí ènìyàn kọ́kọ́ wo lẹ́tà ara pátákó tàbí nọ́ńbà mọ́tò. Bí lẹ́tà bá kọ̀yìn, a jẹ́ pé wọ́n yí fíìmù sódì nígbà tí wọ́n ń fọ̀ ọ́, ọ̀tún ti di òsì nìyẹn. Bákan náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ibi tí sítíárì wà nìkan dájọ́, nítorí àwọn mọ́tò tí sítíárì wọn wà lọ́wọ́ ọ̀tún kò kúrò nílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Owó náà ń jẹ́rìí. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni náírà àti kọ́bọ̀ rọ́pò pọ́n-ùn àti ṣílè, nítorí náà, pátákó tó ń fi ṣílè pe iye ọjà ti wà ṣáájú ìgbà náà tàbí kó jẹ́ pé wọn kò tíì pa á rẹ́. Ilé ńlá pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀. Ọdún 1965 ni wọ́n parí Cocoa House ní Dùgbẹ̀, n'Íbàdàn. Fọ́tò tí ilé náà bá ti yọrí kò lè jẹ́ ti ọdún 1960. Pátákó ìjọba tó bá sì kọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ògùn tàbí Oǹdó kò lè ṣáájú 1976, tí wọ́n pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta.

Ṣé lóòótọ́ layé ọjọ́un rọrùn?

Fọ́tò kan náà tún lè ṣàlàyé bí ọrọ̀ ajé ṣe ń lọ. Mọ́tò kò dédé kún títì. Láàárín 1973 sí 1974, owó epo rọ̀bì fò sókè lágbàáyé, owó sì ya wọ àpò ìjọba. Ní 1975, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gba owó oṣù tuntun tí ìgbìmọ̀ Olóyè Jerome Udoji dábàá, pẹ̀lú àjẹsílẹ̀ rẹ̀. "Údójì" ni aráyé ń pe owó náà, òun ni ọ̀pọ̀ fi ra mọ́tò, alùpùpù àti rédíò. Ọdún 1975 yẹn náà ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò pọ̀ l'Ékòó, tí ti Peugeot sì bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Ẹni tó bá rí títì tí mọ́tò tuntun kún lásìkò náà, owó epo àti Údójì ló ń wò yẹn.

Ní 1973, náírà kan ju dọ́là Amẹ́ríkà kan lọ. Ní 1986, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP kalẹ̀, iye náírà já wálẹ̀, mọ́tò tuntun sì bọ́ lọ́wọ́ olówó oṣù. Tòkunbọ̀ ló wá gba títì. Ẹni tó bá to fọ́tò ìgbà méjèèjì síra wọn yóò rí ìyàtọ̀ náà kí ẹnikẹ́ni tó ṣàlàyé fún un.

Ṣùgbọ́n fọ́tò lè tan ènìyàn jẹ pẹ̀lú. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ní kámẹ́rà nígbà náà, fíìmù àti fífọ rẹ̀ sì ń náni lówó. Mọ́tò ni wọ́n ń dúró tì ya fọ́tò, kò sẹ́ni tó dúró ti ìṣẹ́. Ẹni tó fẹsẹ̀ rìn láti oko dé ọjà kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí lọ́rì dà sínú igbó. Orúkọ bọ̀lẹ̀kájà fúnra rẹ̀, ìyẹn "bọ́ sílẹ̀ ká jà", kò fi hàn pé ìrìn àjò inú rẹ̀ dẹrùn. Àgbà tó ní ayé ọjọ́un dára kò parọ́, ṣùgbọ́n fọ́tò ń ràn án lọ́wọ́ láti gbàgbé ìdajì rẹ̀.

Ọwọ́ àwọn àgbà nìtàn wà

Ní 1968, olóògbé J.D. 'Okhai Ojeikere, gbajúmọ̀ ayàwòrán tó kú ní 2014, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà. Ọ̀kan tó yà ní 1975, ó pè é ní "Onílé Gogoro". Nítorí pé orúkọ wà lára rẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí lónìí lè mọ bí wọ́n ṣe ń pe irun náà. Ní 2011 ẹ̀wẹ̀, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò ilẹ̀ Áfíríkà, tó ti wà lọ́wọ́ wọn láti ìgbà ìmúnisìn, sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì rọ aráyé pé kí ẹni tó bá mọ ibi tàbí ènìyàn inú wọn wá sọ ọ́. Fọ́tò wà lọ́wọ́ wọn, ìtàn púpọ̀ nínú wọn kò sí níbẹ̀.

Ìtàn náà wà lábúlé, lọ́dọ̀ àwọn àgbà, wọn kò sì ní wà títí. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí wọ́n yí ọwọ́ mọ́tò padà ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Bí ó bá lọ, ta ni yóò mọ̀ pé ọkùnrin tó fẹ̀yìn ti Morris Minor yẹn ló kọ́kọ́ gbé mọ́tò wọ ìlú, tàbí pé abẹ́ igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń ná ọjà kí wọ́n tó la títì kọjá? Ní ìlú kékeré mìíràn, kò sí ìwé kankan tó sọ èyí. Fọ́tò inú àpótí nìkan ló kù, ọ̀rinrin àti kòkòrò sì ń jẹ ẹ́. Àwọn aláwọ̀ ti ọdún 1970 sí 1980 tilẹ̀ ń ṣá ju dúdú àti funfun lọ.

Ohun tó yẹ kí ìdílé ṣe kò gba owó. Nígbà tí àwọn ọmọ bá wálé fún Iléyá tàbí Kérésìmesì, kí wọ́n jókòó ti bàbá àti ìyá, kí wọ́n kó fọ́tò jáde, kí wọ́n sì béèrè: ta nìyí, ibo nìyí, mọ́tò ta ni, ta ló yà á? Pẹ́ńsùlù ni kí wọ́n rọra fi kọ ìdáhùn sẹ́yìn fọ́tò, kì í ṣe bírò tí yínǹkì rẹ̀ lè yọ síwájú. Kí wọ́n má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ síbi gbígbẹ tí oòrùn kò dé. Bí wọ́n bá ń fi fóònù yà á, kí wọ́n ya iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹni tó bá fẹ́ fi ránṣẹ́, ohun tó dá a lójú nìkan ni kó kọ sí i.

Àgbà tó bá sì rí fọ́tò ìlú rẹ̀ tí wọ́n ṣì lórúkọ, kó má kàn mirí, kó tún un ṣe. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́.