Ẹ JẸ́ KÍ ALÁBOYÚN TÈTÈ GBÉRA

Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ó sì le. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìparí kí ẹ tó bú wa.

Láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́ títí dé Ìdó, ẹ lọ sí ìpàdé aláboyún èyíkéyìí, ẹ ó gbọ́ ọ: "Wàá bí bí àwọn obìnrin Hébérù!" Gbogbo ilé á ké Àmín. Àwa náà ń gba àdúrà yẹn, a ò sì ní ṣíwọ́. Ohun tí à ń bá jà ni pé àwọn kan ti sọ àdúrà di aago. Ìrọbí bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ọkọ fẹ́ wá ọkọ̀, ìyá ọkọ ní kó fara balẹ̀. Wọ́n pe pásítọ̀, pásítọ̀ ní kò ní pẹ́ mọ́, ṣebí obìnrin Hébérù ni. Ilẹ̀ ṣú. Aago méjì òru ni wọ́n wá ń sáré kan ilẹ̀kùn onímọ́tò.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú Bíbélì náà. Ẹ́kísódù orí kìíní ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde. Ta ló sọ ọ́? Ṣífúrà àti Púà ni, agbẹ̀bí méjì tí Fáráò ní kí wọ́n máa pa ọmọkùnrin àwọn Hébérù. Wọn ò pa wọ́n. Nígbà tí ọba wá bi wọ́n léèrè, ẹjọ́ tí wọ́n rò fún un nìyẹn. Níwájú apààyàn ni wọ́n ti sọ ọ́, kí wọ́n lè gba àwọn ọmọ náà là. Níbo ni Ọlọ́run ti dá májẹ̀mú níbẹ̀ pé ìrọbí ẹnikẹ́ni kò ní pẹ́?

Ó dáa, Rákélì ńkọ́? Jẹ́nẹ́sísì 35: ìrọbí le fún un, agbẹ̀bí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń kì í láyà pé ọkùnrin lọmọ náà. Ọmọ yè, ìyá kú. (Ẹ má sọ fún wa pé ojú ọ̀nà ló kú sí, pé ìrìn ló pa á. Ìrìn àjò ni wọ́n wà tí ìrọbí fi bá a, kì í ṣe pé wọ́n ń gbé e lọ ibi ìtọ́jú.) Ìyàwó Fíníhásì nínú Sámúẹ́lì kìíní orí kẹrin ńkọ́? Àwọn obìnrin tó dúró tì í ń sọ fún un pé ọkùnrin ló bí, òun ń kú lọ. Inú ilé Ísírẹ́lì ni àwọn méjèèjì wà. Pásítọ̀ tó bá fẹ́ fi Bíbélì dá aláboyún dúró sílé, kó kọ́kọ́ wàásù lórí àwọn méjì yìí. A ò tíì gbọ́ irú ìwàásù bẹ́ẹ̀ rí.

Àwọn kan á ní àwọn bàbá ìgbàgbọ́ kò lo oògùn. Òótọ́ ni. Nígbà ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá lọ́dún 1930, tó bẹ̀rẹ̀ ní Iléṣà tó sì dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní Èkìtì wa níbí, omi àdúrà ni wọ́n gbé lọ́wọ́. Kínínì tí àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó ń lò wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn nígbà tó yá. A bọ̀wọ̀ fún àwọn bàbá wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n aláboyún Ìkọ̀lé ní 1930, níbo ni ì bá ti tètè rí dókítà tó lè ṣiṣẹ́ abẹ fún un? Lónìí, ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó níhìn-ín.

Lọ́dún 1994, àwọn olùwádìí méjì, Thaddeus àti Maine, kọ̀wé nípa ìdádúró mẹ́ta tó ń pa ìyá ọmọ: kí wọ́n tó pinnu nílé, kí wọ́n tó débẹ̀, kí wọ́n tó rí ìtọ́jú nígbà tí wọ́n bá débẹ̀. Ẹ wo ti àkọ́kọ́ yẹn dáadáa. Kò gba títì, kò gba gómìnà. Inú yàrá ló ti ń ṣẹlẹ̀, lẹ́nu èèyàn mẹ́ta mẹ́rin. A máa ń bú ìjọba nítorí títì wa, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò wá bú ìyá ọkọ? Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní 2020 nìkan, nǹkan bí 82,000 obìnrin ni oyún àti ìbímọ pa ní Nàìjíríà, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ lágbàáyé. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbímọ lè pa obìnrin tí ara rẹ̀ le koko láàárín wákàtí díẹ̀. Gìrì tó ń mú aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, abẹ́rẹ́ wà fún un, magnesium sulphate lorúkọ rẹ̀. Kò sí i nínú ìgò òróró wa.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń bọ̀ láti òkè òkun. Àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń sọ lórí WhatsApp fún ìyàwó àbúrò wọn pé kó dúró sílé títí ìrora á fi máa dé ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Wọn ò purọ́, ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún wọn nìyẹn. Ìrọbí àkọ́bí máa ń pẹ́. Ìgbà tí ẹnu ilé ọmọ bá ṣí tó sẹ̀ǹtímítà 5 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kà sí ìrọbí tó ti wọra, èyí tó ṣáájú rẹ̀ lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù á tẹ 999, ọkọ̀ á dé. Ta ni ẹ fẹ́ tẹ̀ ní Ìtàpájì láàárín òru? Ní 29 oṣù kìíní 2024, wọ́n pa ọba méjì, Onímọ̀jò àti Ẹlẹ́sùn, lójú ọ̀nà ní agbègbè Ìpàò. Awakọ̀ wo ni kò rántí? Ẹ̀rù ọ̀nà òru gan-an ló yẹ kó mú yín gbéra lọ́sàn-án.

Nítorí náà, ní tiwa níbí, bí ìrora bá ti ń wá tó ń lọ létòlétò, tó sì ń le sí i, ẹ gbéra kí oòrùn tó wọ̀. Bí omi bá já, ẹ gbéra, kódà kí ìrora má tíì sí. Ẹ̀jẹ̀, orí fífọ́ líle tí ojú ń ṣú, ọmọ tí kò yí mọ́ bó ṣe ń yí: ẹ má bi pásítọ̀ kankan. Ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún rí, tàbí tó lóyún ìbejì, kó ti lọ bá ìbátan gbé ní Ìdó tàbí Ìfàkì kí ọjọ́ tó pé.

Ẹ ní wọ́n á dá a padà pé kò tíì tó. Owó ọkọ̀ nìyẹn, a ó sì jọ san án. Ẹ ní àwọn nọ́ọ̀sì á bú u. A ti tẹ̀lé aláboyún lọ rí tí wọ́n sọ̀rọ̀ sí i bí ẹni ń lé ewúrẹ́, a sì bá wọn fà á níbẹ̀. Ọmọ náà ti ń lọ iléèwé báyìí. Ẹ ní wọ́n á fi abẹ là á. Ṣé ẹ mọ iye ẹni tí wọ́n là nítorí pé ẹ ti gbé e pẹ́ jù?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ tó kù. Owó ń wọlé ní àwọn ilé ìgbẹ̀bí kan, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fẹ́ kí aláboyún lọ. Lọ́dọ̀ àwọn ará Oǹdó, lẹ́yìn ètò Abíyẹ tí Gómìnà Mímìkò bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé Agbẹ̀bíyè dìde, tí agbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti ti ìjọ ń gba ẹ̀bùn bí wọ́n bá mú aláboyún wá sí ọsibítù. Èkìtì náà lè ṣe é. Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa, bí ẹ bá ní èsì, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ má lọ sọ ọ́ lẹ́yìn wa.

Nínú ìjọ tiwa, a ti kọ nọ́ńbà awakọ̀ kan sára pátákó. Ọkọ aláboyún kò ní gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kó pe awakọ̀ ṣáájú. Bí ọkọ̀ bá ti ń lọ, kó wá pè wá, a ó máa gbàdúrà lórí fóònù títí wọ́n á fi dé Ìdó, ti obìnrin Hébérù náà á sì wà nínú rẹ̀.